Àwòrán Tí Mo Pa Rẹ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Fìríìjì ni ọkùnrin náà ń tún ṣe ní Ìgándò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀, kámẹ́rà ni kó gbé lọ bá a. Èmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fìríìjì ilé mi ni kò mú nǹkan tutù mọ́, mo wá láti Ẹ̀gbẹ́dá láti bi í bóyá yóò lè wá wò ó. Kámẹ́rà mi wà lọ́rùn mi nítorí Sátidé ni, Sátidé nìkan sì ni mo máa ń ráyè yàwòrán. Ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà ni mò ń kọ níbẹ̀ láti àárọ̀ Mọ́ńdè títí di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè.

Ó nu ọwọ́ mọ́ ara ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Jẹ́ n wo ojú ẹ̀."

Mo rò pé fìríìjì ló ń sọ. Kámẹ́rà mi ló gbà, ó gbé gíláàsì lẹ́ńsì iwájú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Kí lo fi ń nù ún?"

"Etí ṣẹ́ẹ̀tì mi ni, sà."

"Mo mọ̀. Wo bó ṣe ha. Ẹ̀wù tó ti gba gbogbo eruku àdúgbò yín sára, òun lo tún gbé lé gíláàsì. Kọ́kọ́ fẹ́ eruku ẹ̀ kúrò, kó o tó fọwọ́ kàn án."

Ó tó ìdajì wákàtí kó tó rántí bi mí léèrè ohun tó ń ṣe fìríìjì mi.

Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni nígbà náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ga, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tó yá, a di mẹ́rin tó ń pàdé lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láràárọ̀ Sátidé: òun, èmi, obìnrin olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòtún, àti ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Kò sí ẹni tó ń fi fótò jẹun nínú wa. A kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ìmọ̀ràn Ẹ̀gbọ́n kì í gùn. Olùkọ́ yẹn fẹ́ ra lẹ́ńsì gígùn kan, irú èyí tó ń fa ohun tó wà lókèèrè súnmọ́ tòsí, ó sì ti ń fi hàn wá lórí fóònù láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ta lẹ fẹ́ yà lókèèrè, mà? Àbí ẹ ń ṣọ́ ẹnì kan ni?" A rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ rìn lọ bá wọn jàre. Ẹ kí wọn. Tí wọ́n bá ti dá yín lóhùn, èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ti tó."

Ní ti ọ̀rẹ́ wa olóògùn, fíláàṣì ló máa ń tàn sí ènìyàn lójú gbàràgàdà, gbogbo ẹni tó bá yà ló ń dán bí ẹni tí wọ́n da òróró sí lára. Ẹ̀gbọ́n ní kó dojú fíláàṣì kọ òkè, kó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lu àjà kó tó bọ̀ sílẹ̀. Ó lọ dán an wò nílé, gbogbo àwòrán náà jáde ní àwọ̀ tíì, nítorí òjò ti jò ba àjà ilé rẹ̀ jẹ́ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wá páálí funfun, àbí kó o kun àjà."

Tèmi ni pé mi ò lè ya ẹyọ kan kí n má bojú wo ẹ̀yìn kámẹ́rà láti mọ bó ṣe rí. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Nígbà tó o fi ń wo ìyẹn, ojú ẹni tó ò ń yà ti kúrò bó ṣe wà. Tó o bá délé, wàá wò ó títí ojú á fi máa dùn ẹ́."

Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn fún bí ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ṣòkòtò Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù fún un.

A rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Òun alára ní ọgbẹ́ inú ni, ó sì ń lo oògùn tí ọ̀rẹ́ wa ń fún un. Ọ̀rẹ́ wa yìí kan náà ló kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Ẹ̀gbọ́n jókòó síbi tí oòrùn ti ń tàn sí i lójú, ọ̀rẹ́ wa wò ó, ó tún wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, funfun ojú yín ti ń pọ́n bí ìyeyè."

"Ibà ni."

"Kì í ṣe ibà. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́la. Oògùn tí mò ń fún yín yẹn, ẹ má lò ó mọ́."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó lọ fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú rẹ̀, wọ́n tún ní kó padà wá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí gbogbo rẹ̀ tó parí. Èmi àti òun nìkan la wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún mi. Ohùn tó máa ń fi sọ fún oníbàárà pé fìríìjì rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe mọ́, ohùn yẹn náà ló fi sọ ọ́.

"Ẹ̀dọ̀ ni. Jẹjẹrẹ. Wọ́n ní ó ti tàn kálẹ̀."

"Kí ni wọ́n ní kí ẹ ṣe sí i?"

"Wọ́n ní kí n lọ máa sinmi."

Mo ní Ọlọ́run á ṣàánú. Ó ní àmín. Ó wá bi mí bóyá mo ti fọ báàgì kámẹ́rà mi tó ti ń bu, mo ní rárá, ó ní kí n lọ fọ̀ ọ́ kí bíbu yẹn má bàa ran lẹ́ńsì.

Kó tó oṣù méjì, kò lè dé ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo máa ń lọ kí i nílé rẹ̀ ní Bárúwà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù síbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì ti wà nílé ọkọ, ọ̀kan ní Ìbàdàn, èkejì ní Àkúrẹ́. Obìnrin náà máa ń gbé oúnjẹ síwájú mi kí n tó jókòó tán. Ó gbàgbọ́ pé ọkọ òun máa dìde. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó yàtọ̀ sí ìyẹn níṣojú òun.

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà ní kíṣìnnì, Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ pè mí súnmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mo fẹ́ kó o bá mi ya fótò kan. Èyí tí wọn ó lò."

"Lò fún kí ni, sà?"

"Pósítà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀."

"O mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Tí ènìyàn bá ti kú, wọ́n á máa wá fótò kiri inú fóònù. Wọ́n á rí ọ̀kan níbi tí mo ti dúró ti ẹnì kan, wọ́n á gé ẹni yẹn kúrò, èjìká ẹ̀ á sì kù sára mi. Èmi náà ti bá àwọn ènìyàn ṣe irú ẹ̀ rí. Láti ọdún tí mo ti ń yàwòrán yìí, mi ò ní fótò ara mi kan tó dáa. Gbogbo èyí tó wà nílé yìí, kámẹ́rà ló bo ojú mi."

"Ṣé ìyàwó yín mọ̀ sí i?"

Ó wo ọ̀nà kíṣìnnì. "Wọ́n ń ṣe ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Aago mẹ́wàá ni kó o wá."

Ó yẹ kí n sọ pé mi ò lè ṣe é lẹ́yìn obìnrin náà. Mi ò sọ ọ́.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó ti wọ bùbá funfun kan, ó sì ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀. Ẹ̀wù náà ti tóbi jù fún un ní èjìká, ṣùgbọ́n ó fún mọ́ ọn níkùn, nítorí ikùn rẹ̀ ti wú. Ó ti wá nǹkan fi há aṣọ náà lẹ́yìn kó lè jókòó dáadáa lọ́rùn. Mi ò béèrè bó ṣe ṣe é fúnra rẹ̀. Ó ní kí n gbé páálí funfun kan tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wá, ó gbé e lé orúnkún rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lè ti ara rẹ̀ tàn padà sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, níbi tó ṣókùnkùn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń gbọ̀n ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Lẹ́ńsì wo lo gbé wá?"

"Èyí kékeré yẹn, sà."

"Ó dáa. Má súnmọ́ mi jù. Tó o bá súnmọ́ jù, imú mi á tóbi, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì yọ síta. Fà sẹ́yìn. Tún fà sẹ́yìn. Kọ́tìnnì yẹn, ṣí i dé ìdajì. Ẹyinjú yìí, èyí tó wà lápá fèrèsé, òun ni kí kámẹ́rà mú. Bí etí mi bá ṣe bàìbàì, kò séwu. Bí ojú bá ṣe bàìbàì, o ò tíì ya nǹkan kan."

Mo gbé kámẹ́rà sójú.

"Mú ìgbọ̀nwọ́ rẹ mọ́ ìhà," ó ní. "Mí síta kó o tó tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ojú mi yìí, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i. Tó o bá délé, sọ gbogbo ẹ̀ di dúdú àti funfun."

Mo ń yà. Ó ń sọ fún mi ìgbà tó yẹ kí n dúró àti ìgbà tó yẹ kí n tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo tún ń fà sẹ́yìn, ìdí mi gbá tábìlì, ife omi tó wà lórí rẹ̀ dojú dé sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e, mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èyí ni. Mi ò bojú wo ẹ̀yìn kámẹ́rà.

A ò gbọ́ ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ìyàwó rẹ̀ ló dúró síbẹ̀, Bíbélì àti báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ nínú bùbá funfun, ó wo páálí, ó wo kámẹ́rà. Kì í ṣe ọmọdé.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n ní, "Fótò ni."

"Fótò kí ni?"

Ó gbé báàgì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Èmi ló kọjú sí.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹun nílé yìí. Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń gbààwẹ̀ lórí ọkùnrin yìí. Ọjọ́ kọkàndínlógún. Ẹ̀yin wá ń ya fótò òkú ẹ̀."

"Mà, ẹ má bínú..."

"Ẹ pa á rẹ́. Gbogbo ẹ̀. Níṣojú mi níbí."

Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Páálí orí orúnkún rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Ṣe ohun tí wọ́n ní kó o ṣe."

Obìnrin náà wá dúró tì mí. Mo ṣí àwọn àwòrán náà lẹ́yìn kámẹ́rà, mo ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ọkọ rẹ̀ á yọ, á wò ó, màá tẹ̀ ẹ́, á lọ. Òmíràn á tún yọ. Nígbà tó kan èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ tí èémí rẹ̀ dúró. Mo ní sùúrù bóyá yóò sọ pé kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo máa jáde, obìnrin náà ti wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń fi aṣọ nu omi tó dà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ẹ̀gbọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n yọ káàdì tí àwòrán ń wà lórí rẹ̀ kúrò nínú kámẹ́rà, kí n má ya nǹkan kan sórí rẹ̀ mọ́. Ó ní àwòrán tí wọ́n bá pa rẹ́ kì í lọ lójú ẹsẹ̀, káàdì kàn gbàgbé ibi tó fi í sí ni. Ó dìgbà tí àwòrán mìíràn bá wá jókòó sípò rẹ̀ kó tó lọ. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó lè wá a jáde, ọ̀rẹ́ wa olóògùn sì ní in. Ìlà tó gbẹ̀yìn rèé: "Má tíì ṣe é. Tí mo bá lọ tán, ìyàwó mi fúnra ẹ̀ á béèrè."

Mo fèsì pé, "Mo ti gbọ́, sà." Mo yọ káàdì náà, mo fi í sínú àpò ìwé funfun kan, mo fi sí àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì kámẹ́rà mi kí n lè máa rí i. Ká ní inú dúrọ́ọ̀ ni mo fi í sí ni, mi ò bá má ní ohun tí mò ń kọ yìí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ní Àgbàdo. Ó ti bẹ̀ mí pé kí n wá yà wọ́n, mo sì gba àyè ọjọ́ kan lọ́fíìsì. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń retí ọmọ yẹn. Nígbà tí pásítọ̀ gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo gbé kámẹ́rà sókè, kámẹ́rà ní òun kò rí káàdì tuntun tí mo fi sí i. Mo yọ ọ́, mo tún un kì bọ̀ ọ́, mo fẹ́ ẹ lẹ́nu. Ó ní òun kò rí i. Pásítọ̀ dúró, ó ń wò mí. Ìyá ọmọ ń wò mí. Gbogbo ilé ń wò mí.

Àpò ìwé yẹn wà níbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé méjì péré, mẹ́ta péré, àyè pọ̀ lórí káàdì náà, kò lè jẹ́ pé ibi tí Ẹ̀gbọ́n wà gan-an ni yóò bọ́ sí. Mo fa káàdì yẹn yọ, mo kì í bọ kámẹ́rà.

Ìyá àgbà ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo yà á. Bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú pásítọ̀, mo yà á. Mo ń yà, inú mi ń dùn, mi ò rántí nǹkan kan mọ́. Nígbà tí mo wo iye rẹ̀, ó ti lé ní igba ó lé ọgọ́ta.

Inú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi bọ̀ wálé ni mo ti rántí káàdì Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó jókòó tì mí bi mí bóyá ara mi ò yá.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Káàdì ńkọ́?"

Mo wo ọ̀rọ̀ náà láti àárọ̀ di ọ̀sán nínú ọ́fíìsì. Mo kọ ọ́ pé, "Ó wà níbẹ̀, sà." Ó fi àwòrán àtàǹpàkò kékeré ránṣẹ́ padà. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tún rí ọ̀rọ̀ kankan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀kan, oorun ló ń sùn, ìyàwó rẹ̀ kò sì ní kí n jókòó. Ó kú ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kẹta ikú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ pè mí.

"Àwọn ọmọ ń wá fótò," ó ní. "Èyí tẹ́ ẹ yà lọ́jọ́ yẹn. Ó sọ fún mi kó tó lọ. Ó ní kò tíì lọ tán, pé tí mo bá ti ṣe tán, kí n bi yín."

"Ẹ jẹ́ n gbìyànjú, mà."

Mo gbé káàdì náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa olóògùn. Ó kì í bọ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn káńtà, a jọ dúró, a ń wò ó. Àwòrán ọmọ ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń jáde, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ìyá àgbà tó ń sunkún, bàbá tó dọ̀bálẹ̀. Lábẹ́ gbogbo wọn, mẹ́fà péré ti Ẹ̀gbọ́n jáde. Àwọ̀ eérú lásán ló bo márùn-ún nínú wọn, ènìyàn kò lè mọ̀ pé ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹfà ni èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín. Iwájú orí rẹ̀ wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n mọ́lẹ̀ kedere. Láti abẹ́ ojú dé ìsàlẹ̀, eérú.

Ọ̀rẹ́ wa wo kọ̀ǹpútà, ó wá wo èmi.

"Ta ló ya ọmọ sórí ẹ̀?"

Ó yọ káàdì náà, ó nà án sí mi, ó yíjú sí oníbàárà kan tó wọlé wá ra oògùn.

Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pe obìnrin náà. Mo ní, "Kò bọ́ sí i, mà. Ìgbà míì wà tí wọ́n bá ti pa á rẹ́, kì í padà mọ́."

Ó ní, "Ọwọ́ mi ni mo fi fà á."

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní kó pẹ̀lẹ́. Mo pa fóònù.

Àwòrán ibi ìgbéyàwó ọmọ wọn àkọ́bí ni wọ́n lò. Ẹ̀gbọ́n kò wojú kámẹ́rà nínú rẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n gbé àga sí. Wọ́n gé ẹni tó dúró tì í kúrò, ṣùgbọ́n èjìká ẹni náà kù, aṣọ aláwọ̀ ewé. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì ilé ní Bárúwà àti ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìgándò. Olùkọ́ wa dúró níwájú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Kò jọ ọ́ rárá." Òun kò mọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, lẹ́yìn tí a ti ibojì dé, mo jókòó lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ta sí ìta ilé, mo sì ń gbọ́ ohùn opó náà láàárín àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ń sọ fún wọn pé fótò dáadáa kan wà, pé òun lòun ní kí wọ́n pa á rẹ́. Bí àwọn mìíràn bá dé, á tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ wa olóògùn wà lórí àga tó kọjú sí mi. Ó tẹjú mọ́ mi ní gbogbo ìgbà yẹn.

Nígbà tí a ń jáde, ó ní, "Ẹ lọ sọ fún un."

Mo ní màá lọ. Mi ò lọ. Mo ní kí ogójì ọjọ́ kọjá ná. Ó kọjá. Mo ní kí Kérésì kọjá. A ò pàdé ní Sátidé mọ́, wọ́n ti gba ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹlòmíì, bẹ́ǹṣì náà ò sì sí níbẹ̀ mọ́. Olùkọ́ wa pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé a ò ní wá ibòmíràn ni, mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ikú Ẹ̀gbọ́n ni mo tó lọ sí Bárúwà. Iwájú ilé ni mo ti bá a, ó ń ṣa ẹ̀gúsí nínú àwo pẹrẹsẹ. Ó ti rù gan-an. Ó ní kí n jókòó. Mi ò jẹ́ kó dìde wá omi fún mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí: àpò ìwé, ìsọmọlórúkọ ní Àgbàdo, irọ́ tí mo pa fún ọkọ rẹ̀, irọ́ tí mo pa fún òun, àti ẹyọ kan tí eérú kò bo tán. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tó gbẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Oṣù mẹ́rin," ó ní. "Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bẹ òkú pé kó dárí jì mí."

"Mo mọ̀, mà."

"Ẹ ò mọ̀."

Ó gbé àwo sílẹ̀, ó ní, "Ẹyọ kan tó kù yẹn dà?"

Mo ti gbé e sórí fóònù mi, mo ṣí i, mo gbé e fún un. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó fi àtàǹpàkò bo ibi tó jẹ́ eérú, ó ku ojú ọkọ rẹ̀ nìkan, àti iwájú orí rẹ̀. Ó wò ó títí iná fóònù fi kú. Mo fẹ́ bá a tan án, ó ní kí n fi sílẹ̀.

"Ẹ̀rín ló ń rín níbẹ̀," ó ní. "Mo rántí ẹ̀. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ó wù mí kí n ní kẹ́ ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ìbínú ni kò jẹ́."

Ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ fótò ní Ìkòtún. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ bi mí ibi tí ìyókù àwòrán náà wà, mo ní kò sí ìyókù. Mo ní kó gé eérú náà kúrò, kó tẹ ojú nìkan.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé e lọ fún un. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé mi. Ó gba àpò ìwé náà, kò ṣí i.

"Ẹ ṣé."

"Ẹ má bínú, mà."

"Mo ti gbọ́." Ó di ilẹ̀kùn mú. "Ẹ má wá mọ́. Kì í ṣe pé mò ń bá yín jà o. Ṣùgbọ́n ẹ má wá mọ́."

Mo kí i pé ó dàbọ̀. Ó ní kí n máa rọra lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Ìgbà míì wà tí mo bá ní nǹkan ṣe ní apá Ìpájà nítòsí Bárúwà, ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kí n kọjá níwájú ilé yẹn ni mo máa ń gbà.